Yàrá Ìyá Mi ní Abà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá mi, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àbúrò kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n ní gbangba, wọ́n sì kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé wa ti mọ ẹni tí mò ń bá wí, òun náà sì mọ ara rẹ̀.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́. Ìyá tèmi ló wà láàrin, èmi nìkan ló sì bí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Oko rẹ̀ jìnnà sí ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní ilé mìíràn níbẹ̀, ilé alámọ̀ tí àwọn yàrá rẹ̀ tò tẹ̀ léra wọn, tí a ń pè ní abà. Abà ni ìyá mi ń gbé jù. Yàrá tirẹ̀ ló wà ní ìparí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan wà lára aṣọ rẹ̀, lára ẹní rẹ̀, àní lára irun rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ṣokoléètì, ẹ̀rín a máa pa mí. Àwọn ènìyàn yìí ò mọ bí kòkó ṣe ń rùn.

Mo wà ní iléèwé àwọn ọmọbìnrin, a sì ń sùn níbẹ̀, nígbà tí ibà dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ó kú ní ìdájí. Bàbá mi rán ẹ̀gbọ́n mi pé kó gun kẹ̀kẹ́ wá mú mi. Ó dé, ó sọ fún ọ̀gá wa obìnrin pé bàbá mi ń béèrè mi. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, inú mi ń dùn, mo rò pé ìsinmi ti dé fún mi láìròtẹ́lẹ̀. Mo ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò ní kí n dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ṣe fún mi nìyẹn, pé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì jẹ́ kí n máa kọrin, ó tó mi í bínú dọ́jọ́ ikú.

Kò mọ síbẹ̀. Nígbà tí a dé ìsọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó jókòó ti àwọn tó ń wọn kòkó, wọ́n bu ẹmu fún un, wọ́n gbé ọpọ́n ayò síwájú rẹ̀. Mo jókòó sórí àpò kòkó, mò ń mi ẹsẹ̀, mò ń wo oòrùn bó ṣe ń yí. Ó ta ayò títí ó fi sú mi. Nígbà tí a dé abà, wọ́n ti sin ìyá mi tán.

Láyé ìgbà yẹn, inú yàrá ẹni ni wọ́n ń sin ènìyàn sí. Bí wọ́n bá ti kó erùpẹ̀ bò ó tán, àwọn obìnrin ilé á po amọ̀, wọ́n á rẹ́ ilẹ̀ yàrá náà láti ògiri dé ògiri, kó dán, kó má ṣe sí ojú àpá. Wọ́n ní bí ojú àpá bá wà, ọkàn àwọn ọmọ kò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a wọlé, ilẹ̀ náà ṣì tutù. Àwọn obìnrin ti lọ sódò lọ ṣan amọ̀ kúrò lọ́wọ́. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi níta, kò gbójú sókè wò mí. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Níbo ni?" Ó nawọ́ sí abẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Amọ̀ tútù lẹ̀ mọ́ mi lórúnkún, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọ̀ ọ́ kúrò títí ó fi gbẹ, tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí ìyá mi wà. Mo kàwé, mo di olùkọ́, mo wọkọ̀ òfuurufú, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Stockwell, ní Lọ́ńdọ̀nù, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí oorun bá dá lójú mi, abẹ́ fèrèsé yẹn ni ọkàn mi ń lọ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì í, bí ó bá ṣeé forí jì, a máa sọ pé òkú ni mo fẹ́ kí n tó fẹ́ òun. Mo ní òkú kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu.

Ní báyìí mo ti darúgbó ní Peckham. Àjà kẹta ni kánsù fi mí sí, mo sì ń gbọ́ ariwo Rye Lane láti ibùsùn mi. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gbé mi lọ sílé ìwòsàn léraléra, kí ẹ̀rọ lè bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, bí ẹni ń fọ aṣọ tí kò mọ́ rí. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nítòsí ìlú wa. Bí mo bá wọkọ̀ lọ sílé, n ò ní í padà, n ò sì ní í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sin mí sí wá di ọ̀rọ̀ gidi.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Nunhead, ti ní èrò tirẹ̀.

Ó ní, "Mummy, ibojì tó wà ládùúgbò wa dáa. Igi pọ̀ níbẹ̀, ó quiet. Mo lè máa wá kí yín lẹ́yìn church."

Mo ní, "Bọ́ọ̀sì wo ló máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Mummy! Mi ò fi ṣeré o."

"Èmi náà ò fi ṣeré. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni kí ẹ sin mí sí. Nínú yàrá rẹ̀ ní abà, lábẹ́ fèrèsé. Ẹ kàn gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ó wò mí bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ tó ń ya wèrè. Bàbá rẹ̀ ló ní kí a má fi Yorùbá dà á lọ́kàn rú ní kékeré. Èso rẹ̀ nìyẹn: ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ, kò sì gbọ́ ohun tí mo wí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ń fẹ́ láyé nìyẹn: yàrá tí kò tó yàrá, nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Ó sì bọ́ sí àkókò tí wọ́n fẹ́ pín ogún bàbá wa.

Bàbá wa ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò pín oko náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó lé e. Òun ni dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tó di olórí ilé lẹ́yìn bàbá, ohun tó bá sọ labẹ gé. Nígbà tí ìlú wá ń fẹ̀ dé ẹ̀bá oko, tí àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ ọmọ ń kùn pé kí kálukú mọ tirẹ̀, ó kéde pé ilé á péjọ.

Nílé wa, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín ogún. Ti àtijọ́ ni ìdí-igi. Iye ìyàwó tí olóògbé fẹ́ ni wọ́n á fi pín in, kí àwọn ọmọ ìdí kọ̀ọ̀kan tó lọ pín tiwọn láàrin ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí. Ọmọ ni wọ́n á kà níbẹ̀, kálukú á gba tirẹ̀, a kì í béèrè ìyá. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdámẹ́ta oko jẹ́ ti ìyá mi, èmi nìkan ni mo sì wà nídìí rẹ̀. Mo lè wá sọ pé apá ibi tí abà wà ni mo fẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́kun. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ẹyọ orí kan ni mo jẹ́ láàrin agbo, dáwódù á sì kọ́kọ́ yọ abà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, torí ilé bàbá kì í ṣe ohun à ń pín. Ọmọ ìyàálé pọ̀. Ọmọ ìyàwó kékeré náà pọ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ èyí tí wọ́n mú.

Orí fídíò ni mo ti bá wọn ṣèpàdé. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyàwó kékeré, ló di fóònù mú. Bó ṣe dì í mú, àjà ilé ni mò ń rí, pẹ̀lú ihò imú rẹ̀.

Mo ní, "Gbé fóònù náà dáadáa, jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ rí."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Aunty, apá ló ń ro mí."

Nígbà tó yí i, mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbẹ. Fìlà rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Orín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Lọ́ńdọ̀nù," ló wí, "ṣé òtútù ò tíì pa ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n. Òtútù ń gbìyànjú, kò tíì rí mi pa. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ìdí-igi ni bàbá wa bá nílẹ̀. Òun ni wọ́n fi pín ti bàbá tiwọn."

"Bàbá wa ò tan iná mànàmáná rí ní abà. Ṣé kí a pa iná?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó yọ orín lẹ́nu.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ sọ fún wa pé ọmọ kì í ju ọmọ lọ," ló ní. "Ìwọ gan-an lo sọ ọ́, lọ́jọ́ tí o dé láti ìlú òyìnbó tí o rí i pé ọkùnrin nìkan la bu ẹran fún. A ti gbà fún ọ. Ọmọ kì í ju ọmọ lọ, torí náà, orí-ò-jorí. Àbí ó ti di irọ́, nígbà tó kan tìrẹ?"

Ẹ̀rín tún sọ. Mo jẹ́wọ́ pé ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ti mọ̀ ọ́n sọ láti kékeré, òun ló fi ń jẹun. Inú bí mi. Mo ní, "Ohun tí mo kọ́ yín nìyẹn. N ò kọ́ yín lólè."

Ẹnìkan ní, "Háà, Aunty!" Ẹ̀gbọ́n mi fi orín padà sẹ́nu. Kò bínú. Ó kàn sọ fún àbúrò mi pé, "Dín ohùn rẹ̀ kù."

Ó tẹ nǹkan lára fóònù. Láti ìgbà náà, mo ń gbọ́ wọn, wọn ò gbọ́ mi. Mo pariwo. Mo pe orúkọ bàbá mi. Aládùúgbò mi, ọmọ Jàmáíkà, fi ọwọ́ lu ògiri pé kí n dákẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ariwo mi ń dà láàmú. Àwọn tí mò ń pariwo sí ń pín ẹja díndín fún àlejò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ sóko, nínú fóònù, láìlóhùn. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá pín ilẹ̀, olúkúlùkù ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún sí ààlà tirẹ̀. Ewé pèrègún kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ti jẹ́rìí sí i pé òun gbà. Mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ki ilẹ̀ mọ́ ìdí igi. Nígbà tó kàn mí, àbúrò mi ní kí òun bá Aunty gbin tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A kì í fi ọwọ́ ẹlòmíì gbin pèrègún. Ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́nà àkùrọ̀, níbi tí kòkó kì í ṣe dáadáa. Kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Wọ́n gba iwájú abà kọjá. Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀, kò mọ̀ pé fóònù kọjú síbẹ̀. Mo rí i: òrùlé ti wó, ìbẹ́pẹ ti hù láàrin ilé, ṣùgbọ́n ògiri yàrá ìparí ṣì dúró, fèrèsé ṣì wà lára rẹ̀ bí ojú tó là sílẹ̀. Mo ń kígbe pé, "Dúró! Dúró níbẹ̀!" Kò gbọ́. Ó ń sọ fún ẹnìkan pé bàtà òun ti bàjẹ́ lẹ́rẹ̀. Fèrèsé kọjá. Ewé ló kù, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń rìn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kejì. Mo fi ìbínú sápò. Mo kúnlẹ̀ nílé ìdáná mi ní Peckham, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi, torí mo mọ̀ pé ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ kì í jọ ohùn ẹni tó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba gbogbo ohun tí ẹ pín fún mi. Ẹ fún mi ní yàrá ìyá mi nìkan."

"Abà jẹ́ ti dáwódù."

"Mo mọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni."

"Kí lo fẹ́ fi yàrá tí kò lórùlé ṣe? Ṣé wàá máa ti Lọ́ńdọ̀nù wá sùn níbẹ̀ ni?"

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ sùn lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí. Lábẹ́ fèrèsé níbi tí ẹ fi hàn mí."

Mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọmọdé kan tó ń kàwé sókè. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fi òkú sílẹ̀ kó sùn," ó sì pa fóònù.

Mo rán àbúrò mi sí i. Ó lọ, ó padà wá fún mi lésì. Ó ní, "Aunty, wọn ò dáhùn o. Bí mo ṣe dárúkọ yàrá yẹn, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?" Mo ní ìkà ló wà níbẹ̀. Mo ní ọkùnrin tí kò jẹ́ kí n rí ojú ìyá mi nítorí ọpọ́n ayò ló tún fẹ́ gba ilẹ̀ tó bo ìyá mi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó lè lọ sọ fún un. Ó lọ sọ fún un. Àbúrò mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ burúkú sọnù lọ́nà.

Òtútù dé, ewé já bọ́ tán ní Peckham Rye. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ mi mú mi lọ wo ibojì ní Nunhead lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ká kàn lọ wò ó. Àwọn igi ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Mo rí òkúta tí orúkọ ti parẹ́ lára rẹ̀, mo ní, "Ta ni eléyìí?" Ó ní, "Mummy, nobody knows." Mo ní kó gbé mi padà sílé.

Fóònù mi dún nígbà tí mo wà lórí ẹ̀rọ. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ sí mi lápá, wọn ò gbà kí n mi apá náà. Ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ, ó ń bọ̀, nínú rọ́bà, níṣojú mi. Ọwọ́ kejì ni mo fi gbé fóònù. Mo rò pé àbúrò mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohùn rẹ̀ ti kéré, ó ń sinmi láàrin ọ̀rọ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Ohun tí o sọ ti dé etí mi."

Mo fẹ́ dìde jókòó dáadáa, kí n lè bá a jà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dìde lórí àga yẹn. Nọ́ọ̀sì ti ń fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ sí mi pé kí n rọra. Mo dùbúlẹ̀, mo di fóònù mọ́ etí.

"Gba yàrá náà," ló wí. "Gba abà pátá. Mo ti sọ fún wọn nílé. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kí èmi àtìwọ tó dé, wọ́n ti rẹ́ ilẹ̀ náà láti ògiri dé ògiri. O bi mí pé níbo ni, o ń sunkún, àwọn obìnrin wà lódò, bàbá wa ò sì ṣeé bi. Ibi tí ọwọ́ mi bá lọ ni mo nà án sí."